Ẹṣin Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo ti ka ìwé dúùkù, ìtàn ìfẹ́ àwọn ọlọ́lá òyìnbó, tó ogójì, nínú gbogbo wọn kò sí ọ̀kan tí dúùkù ti dákẹ́ títí ìtàn fi parí. Ó lè dákẹ́ ní àárín ìwé. Ó lè bínú gun ẹṣin lọ sí ilé rẹ̀ tó wà lóko, kó jókòó ti iná ààrò, kó máa mu ọtí bíi pé òun ni wọ́n ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti ku nǹkan bí ogún ojú ìwé, yóò dìde, yóò la ẹnu rẹ̀ níwájú gbogbo àwọn tó ń fi ọmọbìnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́, yóò sì sọ òtítọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé tí mo fi dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Iye ojú ìwé tó kù ni mò ń kà.

Wọṣatéríà ni mo ti ń rí àwọn ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ibi tí a ti ń fi ẹ̀rọ fọ aṣọ ní Houston. Èyí tó wà nítòsí apartment mi ní pákó gbọọrọ kan lẹ́bàá fèrèsé, tí àwọn obìnrin tó ń fọṣọ níbẹ̀ máa ń kó ìwé tí wọ́n bá ti kà tán sí. Ẹni tó bá fẹ́ á mú ọ̀kan, á fi òmíràn dípò. Ìgbà náà ni owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí wọ́n ń lé àwọn èèyàn kúrò níbi iṣẹ́, tí apartment sì ń ṣófo lọ́tùn-ún lósì wa. Ìwé wá pọ̀ lórí pákó. Ẹni tó ń kó ẹrù lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn kì í ru ìwé dúùkù dání.

Èèpo àwọn ìwé náà kò ṣeé gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan á dà sẹ́yìn bí ẹni tí àárẹ̀ mú, aṣọ á ti bọ́ kúrò léjìká rẹ̀, ọkùnrin tí kò wọ ẹ̀wù á gbá a mú, ilé ńlá kan á wà lẹ́yìn wọn tí iná ń tàn ní gbogbo fèrèsé rẹ̀. Mo gé bébà àpò tí wọ́n ń di ọjà sí, mo fi bò wọ́n bí a ṣe ń bo ìwé ilé-ẹ̀kọ́ nílé, mo sì kọ "Báólójì" sí iwájú wọn. Báólójì Kìíní, Báólójì Kejì. Nígbà tó di Báólójì Kọkàndínlógún, ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé bi mí pé irú ìdánwò wo ni mo fẹ́ ṣe gan-an.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè fi wọ́n sílẹ̀ ni pé mo mọ ilé tó máa ń wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì yẹn. Tèmi wà ní Bódìjà, ní Ìbàdàn. Ilé ọ̀gá ìjọba kan ni, èmi àti màmá mi sì ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé, ní bọ́ìs kọ́tà. Màmá mi ni kúùkù wọn fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni a ń gbà wọlé, ilé ìdáná sì ni ìwọlé wa máa ń parí sí. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí mo ní sí àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyẹn nígbà náà ni pé igba èèyàn á péjọ síbi ijó, wọ́n á jẹ ẹran oríṣi mẹ́fà, kò sì ní sí ẹni tó sè é. Mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sétí ìwé: Ta ló sè é? Ó kéré tán, mo kọ ọ́ sínú ìwé mẹ́jọ kí n tó dá wọn padà sórí pákó.

Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba ló gbé mi dé Amẹ́ríkà, kí n wá kọ́ nípa oúnjẹ àti iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ara. Ọmọ kúùkù wá ń kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ní yunifásítì. Màmá mi fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í. Lẹ́yìn kíláàsì, mò ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nínú mall, níbi tí a ti ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí a sì ń pààrọ̀ síìpù. Ọ̀gá mi níbẹ̀ jẹ́ ìyá arúgbó ará Vietnam tó fi okùn so gíláàsì rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ẹ fi ìyá yìí sọ́kàn.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn bíi tèmi, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà iwájú ni òun ń gbà. Adájọ́ ni bàbá rẹ̀, ó sì tún joyè. Òun fúnra rẹ̀ ti gboyè ẹnjiníà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo kan ní Pasadena, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, òórùn ibẹ̀ kì í sì í kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bí ìgbà tí ẹyin bàjẹ́. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn. Mi ò ní torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà purọ́ mọ́ ara mi. A pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó ń jọ́sìn nínú gbọ̀ngàn kan tí a háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Mọ́tò rẹ̀ kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, a ó sì ṣí gbogbo wíńdò, a ó máa pariwo bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí òpópónà márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní freeway.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un. Mo ti múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

"Bọ́ìs kọ́tà ni mo ti dàgbà," mo ní. "Màmá mi ni kúùkù wọn."

Ó tẹjú mọ́ ọ̀nà. "Kúùkù ilé ta?"

Mo dárúkọ ìdílé náà.

"Mo ti jẹun níbẹ̀ rí," ó ní. "Ọjọ́ ìbí ọmọ wọn kan. Ìrẹsì kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò tíì jẹ irú rẹ̀ mọ́."

"Màmá mi ló sè é."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ oúnjẹ àna mi nìyẹn, mi ò kàn mọ̀ ni."

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo gbà gbọ́. Mo fẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀ pé òun ló sọ ọ́, kò sí ẹni tó fipá mú un, ó sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti wọ àárín wa.

Ní ọdún wọ̀nyẹn, kásẹ́ẹ̀tì ni lẹ́tà wa. Fóònù kò ṣeé gbára lé, màmá mi kò sì ka ohun tó ju Bíbélì Yorùbá lọ, tó ń fi ìka tọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Màá gba ohùn mi sínú kásẹ́ẹ̀tì, màá fún ẹni tó bá ń lọ sílé, òun náà á gba tirẹ̀ ránṣẹ́ padà. Tí mo bá ti kí i tán, tí mo sọ fún un pé ara mi le àti pé mò ń jẹun, àyè tó kù nínú kásẹ́ẹ̀tì máa ń pọ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá sọ ìtàn dúùkù fún un nìyẹn. Mo ṣàlàyé pé dúùkù jẹ́ ẹni tó súnmọ́ ọba, tí ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé èèyàn á fi odidi ọjọ́ kan gun ẹṣin kó tó là á já. Ìbéèrè tó fi ránṣẹ́ padà ni pé, "Ṣé ó níyàwó?"

Nígbà tó yá, ó ráhùn. Ó ní, "O kàn ń sọ pé ọmọbìnrin náà, ọmọbìnrin náà. Ọmọ ta ni? Sọ ọ́ bíi pé ìwọ ló ṣẹlẹ̀ sí, kí n lè bá a káàánú dáadáa." Báyìí ni mo ṣe di ọmọbìnrin náà. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa lọ́dún tí mò ń sọ yìí jẹ́ aránṣọ kan, ọmọ tálákà, tí wọ́n gbà sílé dúùkù kó wá rán aṣọ ìgbéyàwó àbúrò dúùkù. Tí mo bá ń sọ ìtàn náà, "ọ̀gá mi" ni mò ń pe dúùkù.

Bọ́tìnì ìgbohùn rédíò mi kì í dúró bí a bá tẹ̀ ẹ́. Mo ní láti fi ìka dì í mọ́lẹ̀ títí màá fi sọ̀rọ̀ tán. Nítorí náà ọkùnrin yìí ló ń bá mi ṣe ìró ẹsẹ̀ ẹṣin inú ìtàn. Ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi ni a máa ń ṣe é, lẹ́yìn ìsìn, a ó jókòó nídìí tábìlì kékeré inú ilé ìdáná mi, á da ife kọfí méjì dé, á máa fi ẹnu wọn gbá tábìlì: kò-kò-tò, kò-kò-tò.

"Ẹṣin mélòó ló ń bọ̀?" á bi mí kí n tó tẹ bọ́tìnì.

"Mẹ́rin. Wọ́n ń fa kẹ̀kẹ́ dúùkù."

"Ọwọ́ méjì ni mo ní."

"Yára sí i, á dà bíi mẹ́rin."

"Ṣé ẹṣin Ìbàdàn ni àbí ẹṣin òyìnbó?"

"Gbá tábìlì jàre."

Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Tí dúùkù bá ń bínú bọ̀, á le. Tí dúùkù bá ń lọ kúrò, á rọra máa dínkù títí a ò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Màmá mi fi ìkíni ránṣẹ́ sí ẹlẹ́ṣin.

Nígbà tí ọkùnrin náà kọ̀wé sílé pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Mi ò lòdì sí ìwádìí. Bí ọmọ mi bá fẹ́ ìyàwó, èmi náà á wádìí. Ohun tí mo lòdì sí ni ìwádìí tí wọ́n ti bi gbogbo ayé léèrè àfi ẹni tí wọ́n ń wádìí. Ìyá kan wà nínú ìjọ wa tí òun àti màmá ọkùnrin yìí jọ lọ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà nígbà èwe wọn. Òun ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ mi. Mi ò mọ̀. Ó ń bi mí nípa ẹ̀kọ́ mi lẹ́yìn ìsìn, mo rò pé ó fẹ́ràn mi ni.

Ìyá ìjọ yìí ló fẹ́ lọ sílé lóṣù náà. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpòòwé fún un. Mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹnu rẹ̀ nígbà mẹ́ta.

"Kásẹ́ẹ̀tì nìkan?" ni ó bi mí.

"Òun nìkan ni, mà. Màmá mi á wá gbà á lọ́wọ́ yín."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Mo kí wọn ni, mà. Mo sì sọ ìtàn díẹ̀."

"Ìtàn," ó ní, ó sì fi í sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sọ fún un. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyẹn. Ó bi mí, mo sì sọ fún un pé ìtàn ni.

Mo ti fi gègé pupa kọ "1" sí ojú kìíní kásẹ́ẹ̀tì náà, mo kọ "2" sí ojú kejì. Lójú kìíní, kò pẹ́ tí mo kí màmá mi tán tí mo fi sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa bá ìtàn aránṣọ wa lọ." Ojú kejì bẹ̀rẹ̀ ní àárín ọ̀rọ̀. Ohùn mi ní: "Mò ń ránṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá mi wọlé tó ti ilẹ̀kùn. Oyún náà ti pé oṣù mẹ́ta, mi ò sì tíì sọ fún un. Mo ní kó jẹ́ kí n máa lọ, nítorí irú òun kì í fẹ́ irú mi." Lẹ́yìn náà ni ẹṣin dé, kò-kò-tò, kò-kò-tò.

Ní Ìbàdàn, ìyá ìjọ kò dúró kí màmá mi wá gbà á. Ilé adájọ́ ló sọ̀kalẹ̀ sí. Nínú pálọ̀ ibẹ̀ ló ti já sẹ́lótéèpù mẹ́ta náà, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá oòrùn ò ti ba kásẹ́ẹ̀tì náà jẹ́. Ojú kejì ló fi sí i.

Mo gbọ́ ọ ní wọṣatéríà, ní òwúrọ̀ Sátidé. Ọkùnrin náà wá bá mi níbẹ̀ láti ibi iṣẹ́, kò tíì pààrọ̀ aṣọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n aṣọ mi.

"Mọ́mì pè," ó ní. "Wọ́n gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì rẹ."

"Ta ló gbé e fún wọn?"

"Ìyá ìjọ. Wọ́n ní wọ́n kàn fẹ́ wò ó bóyá oòrùn ò bà á jẹ́."

"Inú pálọ̀ yín ni wọ́n ti ń wo oòrùn."

Kò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní o lóyún fún ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́."

Mo rántí ọ̀gá mi arúgbó pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ tó so mọ́ okùn, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin tó ń ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì nítòsí wa yíjú wò mí. Ìgbà tí mo nu ojú mi tán ni mo rí i pé èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní àwọn gbọ́ tí ọkùnrin náà ń kanlẹ̀kùn."

"Ìwọ nìyẹn," mo ní. "Ẹṣin nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mọ́mì ń sunkún."

"Kí lo sọ fún wọn?"

Ó mú ìbọ̀sẹ̀ kan nínú agbọ̀n mi, ó ń wá èkejì rẹ̀. "Mo ní màá bá ọ sọ̀rọ̀."

Gbólóhùn kan ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tilẹ̀ kọ́ ọ ní bó ṣe máa sọ ọ́: Mọ́mì, ìwé ni, èmi ni mo ṣe ẹṣin. Ó ní òun á sọ ọ́ tí wọ́n bá tún pè ní Ọjọ́ Ìsinmi. Ní Ọjọ́ Ìsinmi náà, ó ní fóònù kò gbọ́ra. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, ó ní bàbá òun ló gbé e, kò sì lè sọ irú rẹ̀ fún bàbá. Ní ìkẹta, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá ti ga, kí a fi wọ́n sílẹ̀ kí ara wọn balẹ̀. Ní ìkẹrin, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mò ń ka gbogbo rẹ̀. Mo ṣì ń sọ fún ara mi pé dúùkù wa wà lóko, nídìí ààrò, àti pé ojú ìwé ṣì kù.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ìyá ìjọ padà dé, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn mi kí wọ́n tó wo ojú mi. Wọ́n fi ìjókòó tó ní tìmùtìmù fún mi. Ẹnì kan rọra bi mí bóyá mò ń jẹ ẹ̀fọ́, èmi tí mò ń kọ́ nípa oúnjẹ. Wọ́n ka oṣù fún mi títí ó fi pé mẹ́sàn-án, ó pé mẹ́wàá, ikùn mi wà bó ṣe wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wá sọ pé, ọmọ wa, a ṣì ọ́ rò. Ọ̀kan ní ó ṣeé ṣe kí n ti wá nǹkan ṣe sí i.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kò tó nǹkan. Èyí tí mi ò lè fi jì wọ́n dé nínú kásẹ́ẹ̀tì màmá mi, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ti wọṣatéríà. Dírẹ́bà ni ilé adájọ́ fi kásẹ́ẹ̀tì mi rán sí i, pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ní kó jẹ́ fún un nípa oyún tí wọ́n ní mo ní. Màmá mi gbọ́ iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìró di rédíò rẹ̀, ó kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí mo ti fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn aránṣọ, ó wọkọ̀ lọ sílé wọn.

Bó ṣe sọ ọ́ ni mo fẹ́ fi sọ ọ́. Ó ní: "Mo gba ẹ̀yìn wọlé, nítorí mi ò fẹ́ da ilé rú. Wọ́n fún mi ní àpótí kékeré kan kí n jókòó nílé ìdáná. Ọmọ tó ń se oúnjẹ fún wọn ń bẹ iṣu, ó ń bẹ ẹ́ nípọn jù. Màmá ọkọ rẹ jáde wá, wọn ò jókòó. Mo ní mà, ìtàn inú ìwé ni, ó ti ń sọ ọ́ fún mi láti ọdún tó kọjá, ẹ jẹ́ kí n fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí i kí ẹ gbọ́. Wọ́n ní iná ò sí. Mo ní bátìrì ni mo fi ń lò ó, mà, tuntun ni. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi kí n tó lọ. Wọ́n ṣe mí dáadáa. Ẹ̀bà wọn ò dán."

Ilé adájọ́ nìyẹn. Ẹlẹ́rìí gbé ẹ̀rí wá bá wọn nílé, ó gbé rédíò wá, ó ra bátìrì tuntun. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ti jẹ oúnjẹ màmá mi lórí tábìlì àwọn ẹlòmíràn ní Bódìjà wá bu ẹ̀bà fún un lórí àpótí nínú ilé ìdáná. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ òtítọ́, ìṣẹ́jú kan péré ló máa gbà wọ́n. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìdí láti kọ̀ mí, ìdí sì ti dé ọwọ́ wọn, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á padà.

Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sílé ọkùnrin yìí lọ́sàn-án Sátidé kan. Mo fi ibi tí mo kọ sókè yìí sí rédíò rẹ̀. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi ẹ̀bà, ó fi ọwọ́ bo ojú.

"O ti gbọ́," mo ní.

"Mo gbọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ gbólóhùn kan yẹn?"

"Tí mo bá sọ pé ìwé ni, wọ́n á wá ìdí mìíràn."

"Ìdí wo?"

"O mọ̀ ọ́n."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Kò sọ ọ́. Títí di òní, kò sọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Mo rò pé èyí ló máa fúyẹ́ fún ọ jù. Oyún ò sí. Tó bá yá, gbogbo ayé á rí i pé kò sí, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ṣùgbọ́n èkejì ò lè tán láé."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ó rò pé àánú ni òun fi ṣe mí. Ó wo irọ́ tí wọ́n pa mọ́ mi, ó wo òtítọ́ tó wà nípa màmá mi, ó ṣírò pé irọ́ ló kéré jù nínú ìtìjú méjèèjì. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún un lórí freeway, èmi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń tì í lójú. Mo rò pé ìrẹsì yẹn ló rántí.

"Ó ti rẹ̀ mí," ó ní. "Jọ̀ọ́, má wò mí bẹ́ẹ̀."

"Mò ń wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn," mo dáhùn, mo sì mú kásẹ́ẹ̀tì màmá mi jáde nínú rédíò rẹ̀. Mo dúró díẹ̀ sí i lẹ́nu ọ̀nà, kí n má bàa lọ kó tó sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ títí dé apartment mi, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì náà lórí itan mi, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Kí ọdún tó yípo, ilé adájọ́ ti fẹ́ ìyàwó fún un. Mi ò ní sọ ohunkóhun nípa obìnrin yẹn. Kò ṣẹ̀ mí.

Màmá mi kò dárúkọ wọn mọ́. Oṣù púpọ̀ kọjá kí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mìíràn tó dé. Ó kí mi, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ó ní òrùlé ti ń jò. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí: "Aránṣọ wa ńkọ́? Ibi ijó ni a bá a dé. Ìwé kò lè parí síbẹ̀."

Mi ò fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ti gbé ìtàn náà lọ sí ilé ìdáná àwọn ẹlòmíràn nítorí mi, mo sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ìparí rẹ̀. Mo mú Báólójì náà jáde, mo jókòó nídìí tábìlì lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìsinmi, mo sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọ́n ka lẹ́tà aránṣọ sókè níbi ijó kí wọ́n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo olówó tó wà níbẹ̀ yíjú sí i. Dúùkù gun ẹṣin dé láti oko, ó gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́ pé tòun ni ọmọ náà, obìnrin náà sì ni ìyàwó òun. Mi ò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀, mi ò sì fi nǹkan kan kún un, àfi pé mi ò lè máa sọ pé "èmi" mọ́. Mo padà sí "ọmọbìnrin náà".

Nígbà tí ẹṣin fẹ́ dé, ìka ọwọ́ mi kan wà lórí bọ́tìnì. Mo fi ọwọ́ kejì da ife kan dé, mo gbá tábìlì bó ṣe yẹ. Mo yára, mo tún yára sí i.

Ìdáhùn màmá mi dé lẹ́yìn oṣù méjì. Ó ní òun gbọ́ ìparí, ó dára fún aránṣọ, òun bá a yọ̀. Ó wú ikọ́.

"Ṣùgbọ́n ẹṣin yẹn," ó ní, "ẹsẹ̀ kan péré ni mò ń gbọ́. Ṣé ó ń tiro ni?" Kò dúró de ìdáhùn, nítorí kásẹ́ẹ̀tì kì í dáhùn. Ó ní kí n má tíì bẹ̀rẹ̀ ìwé mìíràn, kí n kọ́kọ́ sinmi.